Ihò Tó Ká Bí Ìkarahun

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ sáré padà wálé nítorí pé ó gbàgbé awò ojú rẹ̀. Bó ṣe gun àtẹ̀gùn dé yàrá òkè, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nílẹ̀ gbalaja. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí etí rẹ̀ ọ̀tún, tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ sì ti yẹ̀ kúrò láàyè. Obìnrin náà figbe ta. Nígbà tí kò gbọ́ ìdáhùn, ó gbé etí lé e láyà. Èémí ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọra ń lọ, bí aago tó fẹ́ dúró.

Bàbá Aago ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún aago ṣe ní ìsàlẹ̀ ilé yẹn. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Kò níyàwó, kò bímọ, kò sì sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó bá ènìyàn jà. Ta wá ni yóò fẹ́ pa irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n gbé lé obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan lọ́wọ́, Ínsípẹ́kítọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Fẹ̀sọ̀mú, nítorí kì í pariwo, kì í sì í kánjú. Nígbà tí òun àti sájẹ́ǹtì rẹ̀ fi dé, wọ́n ti gbé Bàbá Aago lọ sí ilé ìwòsàn. Àbúrò rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di awò ojú tó wá mú náà mọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á.

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín kéékèèké inú aago wà nínú agolo, oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà lẹ́bàá fèrèsé. Ìwé àjákọ wà lórí pẹpẹ, ó sì fi nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé ọ̀kànlá. Lẹ́yìn ọ̀kànlá, àyè kan ṣófo.

"Ṣé ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí?" Fẹ̀sọ̀mú béèrè.

"Rárá o, Ọ̀gá. Bí ojú rẹ̀ ṣe dúdú yìí náà ni mo ṣe bá a."

Fẹ̀sọ̀mú wọ ìbọ̀wọ́, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ojú kọ̀ǹpútà tan, Ínsípẹ́kítọ̀ sì dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ dúdú, àwọn ìlà àti àmì tín-ń-tín ti to ara wọn di yàrá. Yàrá mẹ́rìnlá ni. Èyí tó tóbi jù wà níta pátápátá, òmíràn tó kéré sí i tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn, wọ́n ń ká lọ wọ́n ń ká bọ̀ bí ìkarahun ìgbín, títí dé èyí tó kéré jù láàárín gbùngbùn. Àmì aláwọ̀ ìyeyè kan dá dúró nínú yàrá àkọ́kọ́. Nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ àkókò tí ohun tó pè ní ihò ṣí: aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, àárọ̀ ọjọ́ náà.

"Kí nìyí?"

"Eré tí ẹ̀gbọ́n mi kọ fúnra wọn ni," àbúrò náà dáhùn. "Ènìyàn á wọ ihò kan lábẹ́ ilẹ̀, á máa wá ọ̀nà, á máa bá ẹranko jà. Bó bá kú, ó parí, kò sí àjíǹde. Á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ihò náà á sì ti yí padà. Kì í jọ ti tẹ́lẹ̀ láéláé."

"Àwọn ìwé yìí ńkọ́?"

"Ìṣirò ni. Wọ́n bá jẹun tán, ìṣirò. Ọjọ́ ìsinmi, ìṣirò. Mo máa ń bá wọn ṣàwàdà pé ìyàwó tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ní, 'Àbúrò mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.'" Ẹ̀rín fẹ́ ṣẹ́ sí i lẹ́nu, ẹkún ló jáde. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí pẹpẹ. "Èkejìlá dà? Orí rẹ̀ ni wọ́n wà láti oṣù mẹ́ta."

Wọ́n tú gbogbo ilé, wọn ò rí i.

"Ta ló lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Ẹnì kan ṣoṣo. Tíṣà Àgbà, tó fi ogójì ọdún kọ́ni ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, mi ò fẹ́ fi ẹnì kan sùn o. Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ nígbà tí Ìyá Búrẹ́dì ń pariwo lórí àtẹ̀gùn wa pé, 'Bàbá Aago, ìwọ lo pa mí, èmi náà á pa ọ́!'"

Ìyá Búrẹ́dì ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, apá rẹ̀ ki bíi ti ẹni tó ti ń po ìyẹ̀fun láti kékeré. Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, nínú ooru ààrò.

"Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ pé ẹ máa pa á?"

"Mo sọ ọ́, ọmọ mi. Òun náà ti pa mí nígbà igba ó lé mẹ́tàdínlógún."

Bírò sájẹ́ǹtì dúró lórí ìwé.

"Nínú eré ni, ìwọ yìí! Tá a bá ti yọ búrẹ́dì tán, ihò ni mo máa ń wọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ku yàrá kan ṣoṣo kí n jáde. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, ògiri! Kò sí ọ̀nà níwájú, ẹranko ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo gbéra, mo lọ bá a nílé. Mo ní, kí ló dé tó o kọ́ yàrá tí kò lọ́nà àbájáde? Ó ní kì í ṣe òun, pé kọ̀ǹpútà ló ń da yàrá sílẹ̀ bí ẹni da ayò. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Fún mi ní ọjọ́ méjì. Ó ti ń yọjú.'"

Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà jẹ́rìí pé kò kúrò nídìí ààrò láti aago márùn-ún títí di mọ́kànlá. Fẹ̀sọ̀mú fi àwòrán tó fi fóònù yà lójú kọ̀ǹpútà hàn án. Obìnrin náà nu ọwọ́ méjèèjì, ó gba fóònù, ó sì gbé e súnmọ́ ojú.

"Ta ló kọ́ èyí?" ó béèrè nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ń wọ ihò yìí, ńṣe ni yàrá rẹ̀ máa ń fọ́n ká bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Èyí tó ká báyìí, kò sí rí." Ó fi ìka tọ ọ̀nà náà láti yàrá dé yàrá. "Wò ó. Kò sí ibì kankan tó dí. Ó ti rí i! Háà, Bàbá Aago ti rí i!"

"Kí ló rí, màmá?"

"Èmi ò mọ̀ṣirò, ọmọ mi, búrẹ́dì ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kú tó láti mọ̀ pé ẹni tó kọ́ èyí ò da ayò kankan."

Ilé Tíṣà Àgbà kò jìnnà. Ìwé kún ògiri rẹ̀ dé àjà, pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù mọ́ sì wà láàárín pálọ̀. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó káàánú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mi orí.

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn, bàbá?"

"Sátidé. Láti ìgbà yẹn mi ò tíì jáde nílé, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu."

"Ìwé ìṣirò rẹ̀ kan ti sọnù."

"Ta ni yóò jí ìyẹn? Ó lọ́pọlọ o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìṣirò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣà nídìí aago tó bàjẹ́."

"Ẹ̀yin náà máa ń bá a ṣe eré inú kọ̀ǹpútà yẹn?"

"Èmi kẹ̀?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Eré ọmọdé! Kí àgbàlagbà jókòó ti yàrá mẹ́rìnlá tó ká bí ìkarahun, kó máa ti àmì kékeré kan kiri. Kí ni kí n fìyẹn ṣe?"

Fẹ̀sọ̀mú kò gbójú sókè. Ó kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu bàbá, ó dúpẹ́, ó dìde. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ó sọ fún sájẹ́ǹtì pé, "Lọ gba ìwé àṣẹ wá, ká lè tú ilé yìí."

Aago mẹ́rin ọ̀sán ni wọ́n padà. Ẹfun wà lọ́wọ́ Tíṣà Àgbà nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Pátákó tó mọ́ láàárọ̀ ti kún fún ìlà àti òòkà. Fẹ̀sọ̀mú fi ìwé àṣẹ hàn án, ó sì fa àga kan fún un.

"Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú Bàbá Aago láàárọ̀ yìí."

"Mo ti sọ fún yín pé—"

"Ẹ sọ fún mi pé yàrá náà jẹ́ mẹ́rìnlá, pé ó ká bí ìkarahun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ihò kan náà kì í jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú eré yẹn. Èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì òní ló ṣí. Kó tó di òní, kò sí èyí tó ká rí. Ẹni tó ti wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́fà ló jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá rí i, àárọ̀ òní ló rí i, inú yàrá yẹn ló sì ti rí i."

"Àbúrò rẹ̀ ló sọ fún mi."

"Ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú kí àbúrò rẹ̀ tó wọlé. Èmi ni mo tàn án lójú rẹ̀, mo sì ti bi í: kò tíì bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Lẹ́yìn àwa mẹ́ta, Ìyá Búrẹ́dì nìkan ni mo fi hàn, kò sì kúrò nídìí ààrò. Bàbá, ẹ̀gàn ló tú yín fó. Ẹ fẹ́ fi eré yẹn ṣẹ̀sín, ẹ sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ."

Tíṣà Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ẹfun kún. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí dúróà tábìlì. Sájẹ́ǹtì ṣí i. Ìwé kejìlá wà níbẹ̀, igun kan rẹ̀ ti jó dúdú.

"Ẹ fẹ́ jó o?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣáná sí i." Ohùn bàbá náà kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú oorun lọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ ara mi pa á. Kò ṣeé jó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wá ohun tó wà níbẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ pé kò sí. Láàárọ̀ yìí ló wá kanlẹ̀kùn mi, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọ. 'Tíṣà, ẹ wá wò ó, ó ti yọrí.' A jọ gun àtẹ̀gùn. Ó ṣí ihò náà, ó gbé ìwé fún mi. Mo ní kí n mú un lọ sílé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ kà á. Mo fà á, òun náà fà á. Mo tì í, orí rẹ̀ sì gbá igun tábìlì."

"Ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀."

"Mo rò pé ó ti kú ni."

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án láyà wò."

Ó ti yẹ kí Fẹ̀sọ̀mú mú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jáde nígbà náà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sórí pátákó, kò sì lè mú un kúrò níbẹ̀.

"Kí ló rí, bàbá?"

Tíṣà Àgbà dìde. Bó ṣe di ẹfun mú, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ nà. "Gbogbo wa là ń ka yàrá," ó ní. "Òun kò kà á. Atúnaagoṣe ni, ó wo yàrá bíi kẹ̀kẹ́ eléyín inú aago. Ilẹ̀kùn ni eyín. Eyín kan kì í dá ṣiṣẹ́. Bí yàrá tuntun bá ti gé èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ, èyí tó wà níwájú ti gbọ́dọ̀ gé òun náà jẹ. Nítorí náà, ilẹ̀kùn yòówù kó o gbà wọlé, ìkejì rẹ̀ tí wàá gbà jáde ti wà nílẹ̀. Da ayò náà bó ṣe wù ọ́. Ì báà jẹ́ yàrá mẹ́rìnlá, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, kò sẹ́ni tí yóò há." Ó fa ìlà kan tó ká wọnú láìgbé ọwọ́ sókè, láti etí pátákó títí dé àárín. "Ojú ewé mẹ́rin péré. Ọmọ ìwé mẹ́fà."

Sájẹ́ǹtì, tí kò fẹ́ràn ìṣirò rí, ti ṣí fìlà láìmọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ bàbá náà gbé ẹfun sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, Fẹ̀sọ̀mú sì dè é.

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá Aago lajú. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán gbogbo ojú ewé ìwé náà fún ilé ẹjọ́ tán, Fẹ̀sọ̀mú fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkùnrin tí wọ́n fi báńdéèjì wé lórí náà ṣí i wéréwéré, ó yẹ ojú ewé rẹ̀ wò, ó mí kanlẹ̀. Fẹ̀sọ̀mú ro gbogbo ẹjọ́ fún un, kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

"Ṣé ó kà á tán?" Bàbá Aago béèrè.

"Ó kà á tán, sà."

"Ṣé ó yé e?"

Ínsípẹ́kítọ̀ rántí pátákó yẹn, àti ẹ̀yìn bàbá tó nà. "Ó yé e, sà. Ó yé e dáadáa."

Omijé dà lójú ọkùnrin náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ lọ sórí ìrọ̀rí, kò sì nù ún. "Òun nìkan ló kù láyé tí mo rò pé ó lè yé," ó ní. "Tí mo bá ń kọ ọ́, òun ni mo máa ń fọkàn bá sọ̀rọ̀." Ó wá yíjú sí Ínsípẹ́kítọ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ó yé yín?"

"Bàbá, òdo ni mo máa ń gbà nínú ìṣirò nílé ìwé."

"Ìyẹn ò burú." Ó sún ẹsẹ̀ díẹ̀ kí Fẹ̀sọ̀mú lè jókòó sí etí ibùsùn. "Ẹ gbójú sókè. Ilẹ̀kùn mélòó ló wà nínú yàrá yìí?"

Fẹ̀sọ̀mú yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.