Ohun Tí Afínjú Bò Mọ́lẹ̀

Igbe jórinjórin ló mú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ sáré wọ gbọ̀ngàn tuntun náà, níbi tí wọ́n fẹ́ ti máa to àwọn ẹ̀ríàlì gbàràmù tó ń gbọ́ ìró láti ojú ọ̀run, kí wọ́n sì máa dán wọn wò. Ilẹ̀ ti jìn. Ẹ̀ríàlì àkọ́kọ́, tó rí bí abọ́ tó tóbi ju ilé lọ, ti dagun. Jórinjórin há sínú ihò dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn ti gún bàtà rẹ̀ wọ ẹsẹ̀.

Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá bẹ̀rẹ̀ wo ihò náà. Òórùn burúkú ta sí i nímú, ó fi aṣọ bo imú. Símẹ́ǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lókè. Nísàlẹ̀, bándéèjì tó gan fún ẹ̀jẹ̀, òwú tó ti rà, abẹ́rẹ́ rẹpẹtẹ. Òkúta tó yẹ kó gbé ilẹ̀ ró, kò sí kankan.

"Ta ló ṣe ilẹ̀ yìí?"

"Kọngílá wa ni," ẹnjiníà àgbà dáhùn. "Afínjú là ń pè é. Bí lébìrà bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, áńkáṣíìfù ló fi ń nu ọwọ́ náà."

"Ẹ ò gbóòórùn ni?"

"A gbọ́, mà. Ó ní eku ló kú."

Obìnrin náà gba ilé ìwòsàn ìlú náà lọ, láti bèèrè ẹni tó ń kó ìdọ̀tí wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ ní Afínjú yìí kan náà ni àwọn gbé iṣẹ́ fún pé kó máa bá àwọn sun ìdọ̀tí. Obìnrin náà tutọ́ sílẹ̀. Ó gbowó ìdọ̀tí, ó gbowó òkúta, ó wá da ìdọ̀tí sípò òkúta!

Nígbà tó dé ilé Afínjú, omi ìwẹ̀ ṣì ń rú èéfín nínú báàfù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó sáré jáde, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń sá lọ ló rí.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan pè é láti ilé ìwòsàn náà. "Mà, ọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa. Ó ní àyà ń dun òun, àmọ́ àtàná ló ti ń ní ká pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá Afínjú níbẹ̀, tó dijú pa.

"Dìde."

"Mo ń kú lọ, mà."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ fún un lábẹ́rẹ́."

Afínjú lajú rekete. "Ṣé tuntun ni?"

Obìnrin náà yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Ìwọ lò ń bèèrè bẹ́ẹ̀? Ìwọ!"

Afínjú dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Èmi ni mo dà á síbẹ̀. Mo rò pé símẹ́ǹtì á bò ó."

"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò rò wọ́n mọ́ ọn."

Obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ dè é, ó sì lọ fọ ọwọ́ náà títí awọ fi ń ta á.

Oṣù mélòó kan kọjá kí dókítà tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ jórinjórin. Nígbà tó sọ ọ́, ìyàwó jórinjórin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Bàbá Ìbejì," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "ó yá, ká lọ bá àwọn ọmọ."