Tíṣà Aláriwo àti Ìyá Káfíńtà

Ọjọ́ tí káfíńtà wá tún bẹ́ǹṣì ilé ìwé ṣe ni òun àti Tíṣà kọ́kọ́ ríra. Ó yọjú sí kíláàsì, ó bá àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì ya nọ́ńbà sílẹ̀, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ ka tiwọn, àwọn mìíràn ń fi òkúta ṣírò.

"Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, kíláàsì rèé àbí ọjà?"

"Ọjà ni. Orí yàtọ̀ sórí. Èyí tí kálukú lè rà ni mò ń tà fún un."

Ẹ̀rín pa káfíńtà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. Kí ó tó kó òòlù rẹ̀ kúrò, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tó mú Tíṣà lọ kí ìyá rẹ̀, káfíńtà yà lọ gbé àga wá. Tíṣà kúnlẹ̀, ó doríkodò, ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Màmá ò dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà dé tòun ti ojú pípọ́n. "Olólùfẹ́ mi, Màmá ní ọmọ tí kì í kí àgbà kò lè ṣe ìyàwó ilé àwọn."

"Mo kí wọn o!"

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Àmọ́ ìyá mi ni. Mi ò lè gbéyàwó lẹ́yìn wọn."

Ọkàn Tíṣà bàjẹ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí dénú eegun. Ó wọ kíláàsì pẹ̀lú omijé lójú, ó yíjú sí ọmọbìnrin kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, ó ń la ẹnu gbàgàdà kí ọmọ náà lè rí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti sọ sí i lọ́kàn. Màmá náà, ẹnu ọmọ rẹ̀ ló ń wò ṣáá lánàá bí ìyẹn ti ń sọ̀rọ̀!

Nírọ̀lẹ́, ó padà lọ. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ẹ kúulé."

Màmá tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Àbí o kí mi lánàá?"

"Mo kí yín, mà. Ilẹ̀ ni mo dojú kọ."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń díbọ́n pé mò ń gbọ́. Ojú ló ń tì mí. Jọ̀ọ́, má tíì sọ fún ọkọ rẹ."

Ọkọ rẹ! Tíṣà mí kanlẹ̀. Ara tù ú débi pé ó gbàgbé láti dìde.