Àga Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Ìjókòó àga náà gbóná. Àárọ̀ kùtùkùtù ni, lábẹ́ ìbòòji, ìrì ṣì wà lára gbogbo àga rọ́bà yòókù, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo yìí gbóná bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Ọjọ́ ìdána Adédùntán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni, nínú ọgbà wa ní àdúgbò Kotobabi. Nínú ẹbí tiwa, ará ilé ọkọ àti ará ilé ìyàwó a máa kọjú síra wọn, iye àga wọn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá lé, wọ́n á ní apá ibẹ̀ ni yóò máa pàṣẹ fún èkejì. Èmi máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rí ìyá àgbà méjì tí wọ́n fa gèlè ara wọn ya nítorí àga. Nítorí náà, ọgọ́ta géérégé ni mo ní kí Sherifa, tó ń yáni ní àga, kó wá.

A to ọgbọ̀n sọ́tùn-ún, ọgbọ̀n sósì. Ọ̀kan ṣẹ́kù láàárín.

Sherifa búra pé ọgọ́ta lòun kà sínú ọkọ̀. Mo ní kó gbé èyí tó lé sí ilé ìdáná. Ó gbé e. A tún kà: mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ọ̀kan sì tún dá dúró láàárín, ó gbóná. A yá mẹ́sàn-án kún un lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó yẹ kó di méjìdínláàádọ́rin, mẹ́tàdínláàádọ́rin la bá. A dá tiwọn padà, a gbé ti ilé ìdáná jáde. Mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Inú Olúṣèyí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ń dùn. Tíṣà ìṣirò ni; kò tíì rí obìnrin fẹ́ nítorí kò sí èyí tó fẹ́ gbọ́ ìṣirò nídìí oúnjẹ.

“Àǹtí,” ó ní, “ọgọ́ta, ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ẹ fi méjì pín in, ó gbà. Mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, ó gbà. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀ ń kà yìí, àfi ọ̀kan àti àwọn fúnra wọn, kò sí nọ́ńbà tó lè pín wọn dọ́gba.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ó to àwọn àga ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan ṣẹ́kù. Mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan. Márùn-ún-márùn-ún, ọ̀kan. Nígbà tó dé orí mẹ́fà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fọwọ́ kan èyí tó ṣẹ́kù, ó sì yára nu ọwọ́ náà mọ́ ṣòkòtò.

“Kì í ṣe àga ló lé,” ó sọ ọ́ sí mi létí. “Ẹnì kan ló wà níbí tí kò fẹ́ kí wọ́n pín òun mọ́ ẹnikẹ́ni.”

Abossey Okai ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá àwọn ọkọ ìyàwó dúró. Nígbà tí wọ́n dé, Abọ́dúnrìn wọlé, báńkà tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ, ẹni tó sọ fún wa pé kò sí obìnrin tó dáná fún òun rí. Bó ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ló rí àga náà. Kò dọ̀bálẹ̀ mọ́.

“Ta ló pè é?” Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. “Mo ti sin ín.”

Adédùntán bèèrè lábẹ́ ìbòjú rẹ̀ pé ta ni. Abọ́dúnrìn dárúkọ Zuweira, ìyàwó rẹ̀ ní Ashaiman.

“Nígbà wo lo sin ín?” Adédùntán tún bi í.

“Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí.”

Ọdún kan gbáko ló ti ń fẹ́ ọmọ wa.

Adédùntán ṣí ìbòjú, ó gbé e lé ẹ̀yìn àga náà, bí ẹni da aṣọ bo ẹni tí òtútù ń mú.

“Ìyálé mi,” ó ní, “ẹ má bínú. N kò mọ̀.”

Ó wọlé, kò wẹ̀yìn. Ìbòjú náà kò sì rọ̀ wálẹ̀ bó ṣe yẹ kí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ̀. Ó dúró bí ẹni pé ejìká wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn àlejò dìde lọ, tọ̀tún tòsì. Èmi ni mo kẹ́yìn, nítorí ojú mi kì í kúrò lára nǹkan. Abọ́dúnrìn ti kúnlẹ̀ síwájú àga náà. Ó ń dáhùn, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìbéèrè tí èmi kò gbọ́.