Ihò Tí Kò Sí Lára Bàlúùnù Náà

Aṣọ ni Màsúdát kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin náà. Aṣọ pupa tó ti ṣá, tó bo gbogbo koríko ọgbà ilé kan ní GRA, tó sì tẹ́ dé ìdí ògiri. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ sáàárín rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ náà jẹ níyà.

Ilé kejì ni Màsúdát ti wá wọn ilẹ̀ fún kánópì, nítorí kánópì ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tanke. Kì í ṣe aláriwo, ṣùgbọ́n kò lè rí ojú rírán tó burú kó dákẹ́. Ó dúró lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló kọ́ yín lábẹ́rẹ́?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Àǹtí."

"Ó hàn."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu Màsúdát ti pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ ọ́n lára.

Zakari lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, òun nìkan ló sì ń gbé bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé náà. Aṣọ bàlúùnù ni aṣọ ọ̀hún, irú èyí tí wọ́n ń fi iná fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí nínú títí yóò fi wú, tí yóò sì gbé agbọ̀n àti èèyàn lọ sókè. Òyìnbó kan tí bàbá Zakari wa ọkọ̀ fún ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí ìlú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá náà bá a gòkè, ó sì ń ròyìn rẹ̀ títí ó fi kú. Zakari fẹ́ kí bàlúùnù náà tún dìde dúró, kí àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ lè rí i.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú ra aṣọ tuntun?" Màsúdát bi í.

"Aṣọ tuntun kọ́ ló gbé bàbá mi. Èyí tó bá ṣì lágbára nínú rẹ̀, mi ò ní gé e. Ibi tó bá ya nìkan la ó lẹ̀."

Màsúdát wo aṣọ náà títí. Opó ni, kò sì bímọ kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun, bí ẹni pé èyí tó ti lò kì í ṣe ayé.

"Màá gbé maṣíìnì wá ní Sátidé," ló wí.

Bó ṣe di ẹni tó ń wá ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Zakari á ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu nítorí ẹnu ayé, á tan jẹnẹrétọ̀, á sì gbé fáànù ńlá sẹ́nu aṣọ náà títí yóò fi wú lórí koríko. Màsúdát á wọ inú rẹ̀. Nínú òkùnkùn pupa yẹn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ihò ni. Á fi ìka tì í, Zakari tó wà níta á sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

"Lókè díẹ̀. Ọ̀tún. Ẹ ti kọjá ẹ̀."

"Àṣẹ pípa dùn mọ́ yín lẹ́nu ṣá."

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rán ló ń pàṣẹ."

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aṣọ làwọn méjèèjì yìí ti rí tiwọn sọ. Ibẹ̀ ni Zakari ti sọ pé bí òun ti wù kóun se oúnjẹ kéré tó, ó máa ń ṣẹ́ kù, nítorí kò sẹ́ni tí yóò bá òun jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni Màsúdát ti sọ pé bóun bá ti kírun Ìṣáì tán, òun kì í gbọ́ ohùn èèyàn nínú yàrá òun mọ́, àti pé Àríkẹ́ ni oríkì òun, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sẹ́ni tó tún fi pe òun.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá Màsúdát, Baba Shehu, àgbẹ̀ ni l'Ókè-Oyi. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Màsúdát, kí lò ń wá nílé ọkùnrin tí ò láya?"

"Iṣẹ́ ni, Baba."

"Ohun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ á ní òpin. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹn bá parí, o ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́. Alájì Mùsílíù ń bèèrè ẹ lọ́wọ́ mi láti fi ṣaya. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni mò ń dúró dè kí n tó dá a lóhùn."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màsúdát wọ inú bàlúùnù, kò sì rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ó wò yí ká. Gbogbo rẹ̀ dí. Alhamdulillah ló yẹ kó wá sẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló rántí.

"Ihò kan wà níbí," ló wí, ó sì fi ìka ti aṣọ tí kò ṣe nǹkan kan.

Ó gbọ́ ìró ṣọ́ọ̀kì níta. "Mo ti sàmì sí i."

Ó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ní ihò méjì wà. Ojú ń tì í bó ṣe ń rán àlẹ̀mọ́ mọ́ aṣọ tó pé, ṣùgbọ́n bó bá ti rántí yàrá rẹ̀ ní Tanke, ìtìjú náà á fúyẹ́.

Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Zakari ní, "Ẹ jẹ́ kémi wọlé lónìí. Kẹ́yin dúró níta."

Màsúdát mọ ohun tó kàn. Zakari máa rí i pé kò síhò kankan, iṣẹ́ á parí, Alájì Mùsílíù á sì gba èsì rẹ̀. Màsúdát di ṣọ́ọ̀kì mú, ó ń wo òjìji Zakari bó ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn aṣọ. Zakari dúró lójú kan.

"Ihò kan wà níbí."

Ìka rẹ̀ ti aṣọ náà yọ síwájú Màsúdát. Màsúdát gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Afẹ́fẹ́ kankan kò jáde. Àlẹ̀mọ́ tóun fúnra rẹ̀ rán ni, omi gan-an ò lè gbabẹ̀ kọjá.

"Zakari, kò síhò níbí."

"Mo mọ̀. Kò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń sàmì sí i?"

"Kí n wá sọ pé ó ti tán, kẹ́ ẹ wá gbé maṣíìnì yín lọ?"

Omi lé ròrò sójú Màsúdát, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n lójú kan náà. Lẹ́yìn aṣọ, ìka yẹn tẹ́, ó di ọwọ́ gbogbo, ó sì kan tirẹ̀.

"Àríkẹ́," Zakari pè é. "Ṣé kí n lọ bá Baba l'Ókè-Oyi?"

Màsúdát kò gbọ́wọ́ kúrò. Ó fi ọwọ́ kejì nu ojú rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì sì kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Lọ," ló wí. "Sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí. Kó o wá sọ ohun tí mo ṣì ń wá ṣe níbí fún un."