Fóònù Kẹwàá

Ẹni tó bá wù kó gbà mí gbọ́. Èmi Ọláníyì ni mo fi ọwọ́ ara mi ki káàdì náà bọ inú ráútà, àpótí tó ń darí ìpè, etí mi méjèèjì yìí ni mo sì fi gbọ́ ohun tó ti ibẹ̀ jáde. N kò mutí. N kò sùn.

Iṣẹ́ fóònù ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní Ìlá. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní kí n so ilé wọn ní Ìlá, Ìgbájọ àti Iresi pọ̀. Káàdì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé aláìsàn ń gba wáyà kan náà, àmọ́ káàdì á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣíwájú, kí ohùn má baà máa gé. Bí ọ̀nà kan bá dí, á wá òmíràn fúnra rẹ̀. Fóònù tí n kò bá sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú rẹ̀, kò ní gbà á wọlé. Mẹ́sàn-án ni mo kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo mọ ara mi.

Dúpẹ́ ìyàwó mi ni nọ́ọ̀sì wọn ní Iresi.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, òjò wó òpó, wáyà Iresi já. Mo wà ní yàrá ráútà ní Ìlá, ọ̀sán gangan. Òjò ti dá. Fáànù kékeré inú àpótí nìkan ló ń dún. Lójijì, òun náà dákẹ́.

Fóònù dún. Mo wo ojú rẹ̀. Nọ́ńbà kẹwàá, tí n kò kọ sínú káàdì.

Mo gbé e.

"Àjàní."

Màmá mi nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè mí. Ọdún kẹta rèé tí a ti sin wọ́n sí Ìgbájọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn kì í dáhùn ìpè ẹni tí kò rí. Ẹ ó ní ti fóònù yàtọ̀. Bóyá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé àgbà kò gbọdọ̀ pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu mi yá jù mí lọ.

"Mà!"

Mò ń gbọ́ èémí.

"Má jẹ́ kí ìyàwó wa dáhùn o."

Ó tán.

Yéè! Mo pe fóònù alágbèéká Dúpẹ́, kò lọ. Mo fò sórí ọ̀kadà Fàrúkù, ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ síṣẹ́.

"Iresi! Má bi mí ní nǹkan kan!"

Mò ń gbàdúrà lójú ọ̀nà bí ọmọdé. Obìnrin yẹn nìkan ni mo ní.

Mo bá a lórí àga, ọwọ́ lórí itan. Fóònù wà níwájú rẹ̀, iná rẹ̀ ti kú.

"Dúpẹ́, ṣé fóònù yìí dún?"

"Ó dún."

"O gbé e?"

"Màmá ni. Wọ́n pè mí ní ìyàwó wa. Mo ti ní 'Mà' kí n tó rántí."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ó wò mí. Omi lé sí i lójú.

"Wọ́n ní n má jẹ́ kí ẹ̀yin dáhùn."

Mo padà lọ wo káàdì. Mẹ́sàn-án ni mo bá níbẹ̀. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn ní n má yọ ọ́.

Kò sí ohun tó ṣe wá láti ìgbà náà. A ń jẹun, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A sì fẹ́ràn ara wa gan-an. Àmọ́ tí Dúpẹ́ bá pè mí láti yàrá, n kì í dáhùn mọ́, mo máa ń dìde lọ wò ó ná. Tí èmi náà bá pè é, kì í dáhùn. Màá kàn gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, màá sì tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí n rí ẹni tó máa yọ.