Ọṣẹ Dúdú Lójú Ìyàwó Oníṣòwò

Yaqub ló fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé àwòrán kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Hameedah ní Peckham, níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe. Ìyàwó oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà ìgbà láéláé ni wọ́n fi ọ̀dà olóròóró yà sórí aṣọ, ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Yaqub ní obìnrin náà jọ ẹni tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ dìde. Hameedah rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Oṣù márùn-ún ni Hameedah fi ń fi òwú nu ojú náà díẹ̀díẹ̀, tí Yaqub ń gbé oúnjẹ wá, tí ó ń pè é ní olólùfẹ́ mi. Àwọn ẹbí mú ọjọ́ nikkah. Inú ìyá Yaqub, Àlhájà Àsúmáù, dùn débi pé wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí Hameedah fún ọmọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ bá ìyàwó àwọn gbálẹ̀.

Wọ́n gbálẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tún rí obìnrin onídọ̀tí, ni wọ́n bá fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Hameedah dé, ẹnu obìnrin inú àwòrán kò sí mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti bó. Inú bí i. Kò lè jágbe mọ́ àgbàlagbà, ó kàn jáde síta.

Yaqub ló forí gba gbogbo ìbínú náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun sọ pé àwòrán òyìnbó kò tó ohun tí ìyàwó á fi dójú ti ìyá ọkọ. Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń pe èèyàn ní olólùfẹ́:

"Babe, kan sọ fún owner pé ọ̀dà yẹn ti jẹrà tẹ́lẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀. Ọdún méje ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí, Yaqub. Tí mo bá parọ́ lórí ẹ̀, kí ló kù?"

Yaqub ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ìyá òun.

Àlhájà gbọ́ ohun tí ọmọ wọn ń gbìmọ̀. Ní Friday tí ẹni tó ni àwòrán dé, wọ́n wọlé láìsí ẹni tó pè wọ́n.

"It's me that washed it," wọ́n wí. "My daughter was not here."

Inú ẹni tó ni àwòrán kò dùn, ṣùgbọ́n ó ní kí Hameedah máa bá iṣẹ́ lọ. Hameedah kúnlẹ̀ fún Àlhájà, ó ní inú ṣì ń bí òun. Àlhájà ní ó yẹ kó bí i.

Yaqub wá béèrè bóyá nikkah ṣì wà.

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú," Hameedah dáhùn. "Mummy ṣàṣìṣe, wọ́n sì wá sọ òótọ́. Ìwọ mọ òótọ́, o ní kí n parọ́. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ó bọ́ òrùka tí Yaqub fún un, ó fi lé e lọ́wọ́, ó di Àlhájà lọ́wọ́ mú, ó sìn wọ́n lọ wọ bọ́ọ̀sì. Títí bọ́ọ̀sì fi dé, Àlhájà kò bá ọmọ wọn bẹ̀bẹ̀.