Ẹni Tó Fẹ́ Gbà Wá Sílé ní Sípéènì

Ọkùnrin tó fẹ́ gbà wá sílé ní Sípéènì mọ̀ pé n kì í sùn lábẹ́ fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ mi ò bá a pàdé rí.

Tiwalolúwa ọmọ mi ló ka ọ̀rọ̀ náà sí mi létí látinú fóònù rẹ̀, ní pálọ̀ rẹ̀ ní Dàda Estate, Òṣogbo, lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún yìí.

“Màámi, ẹ gbọ́ nǹkan tí ọkùnrin yìí kọ. Ó ní yàrá ẹ̀yìn lòun ṣètò fún yín, níbi tí bẹ́ẹ̀dì ti jìnnà sí fèrèsé.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti lọ ro tẹnu yín fún òyìnbó! Ìgbà wo lẹ tiẹ̀ bá a sọ̀rọ̀?”

“Èmi? Ṣé mo gbọ́ èdè wọn ni? Ìwọ lo sọ fún un.”

“Mi ò sọ nǹkan kan fún un o.”

Olúmúyìwá ọkọ rẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń to àwọn ìwé físà. “Ẹ má da ara yín láàmú, Mà. Ó kàn méfò ni. Àgbàlagbà wo ló fẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí òun lórí?”

A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé iṣu tí mò ń jẹ sílẹ̀.

Tiwa ló dá ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà sílẹ̀. Ó ní oṣù kẹrin ló dáa jù níbẹ̀, pé òtútù wọn á ti lọ, oòrùn wọn ò sì ní tíì mú, gbogbo igi á máa rúwé. Ọjọ́ mẹ́wàá péré, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sinmi. Mo bi í pé kí ni mo fẹ́ sinmi fún, ta ni yóò máa bó obì mi? Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń wá. Sípéènì ni bàbá rẹ̀ kú sí.

Obì gbàǹja ni mò ń tà n'Iléṣà. Elisha ọkọ mi ló kọ́ mi. Ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni, inú oko obì ni wọ́n bí i sí. Ó máa ń dá èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sí kó gùn, òun ló fi ń họ ara obì láti mọ èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Tiwa pé ọmọ ọdún méjì nígbà tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Amos lọ sí Sípéènì láti lọ máa ká ọsàn. Lọ́dún karùn-ún, Amos nìkan ló padà wá. Ó nawọ́ aṣọ ìnujú funfun kan sí mi. Irun orí, irun àgbọ̀n àti èékánná ló wà nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa nìyẹn tẹ́nì kan bá kú sọ́nà jíjìn tí òkú ò ṣe é gbé wálé. Wọ́n á gé irun, wọ́n á gé èékánná, wọ́n á gbé e wálé, a ó sì sin ín bí ẹni ń sin òkú gan-an. Mo rí èékánná àtàǹpàkò yẹn láàárín àwọn yòókù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. A kan pósí kékeré, pásítọ̀ Mẹ́tọ́díìsì wa gbàdúrà, a sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo wọ aṣọ ọ̀fọ̀, mo bọ́ ọ, mo padà sídìí obì. Ọdún kọkànlélógún rèé.

Mo ní kí Tiwa wá ilé mìíràn.

“Mo ti wá a tì, màámi. Ìlú yòówù kí n tẹ̀ sórí fóònù, ilé yìí náà ló máa kọ́kọ́ jáde. Ó sì rẹwà! Àárín oko ọsàn ló wà.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà fi orúkọ àwọn nǹkan tó yẹ ká mú lọ ránṣẹ́. Súwẹ́tà fún àárọ̀. Bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Oògùn yín, Mà, tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn. Gbogbo rẹ̀ dáa. Èyí tó gbẹ̀yìn ni kò dáa. Ó ní kí ọmọbìnrin náà má gé irun, kó má sì gé èékánná, títí tó fi máa dé.

Tiwa ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òun máa gẹ irun òun mọ́lẹ̀ nítorí ìrìn àjò yìí. “Bóyá wọ́n ní oníṣẹ́ irun tó ń tọ́jú àlejò ni,” ló wí.

“Pè é,” ni mo sọ. “Mo fẹ́ rí i.”

Ọjọ́ Ìsinmi la pè é, nílé mi n'Iléṣà, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Tiwa gbé fóònù náà dání, mo jókòó tì í. Ọkùnrin náà ò fojú hàn. Ó ń fi ilé hàn wá: yàrá, ilé ìdáná, àgbàlá. Ó wá jáde sáàárín àwọn igi ọsàn. Wọ́n tanná funfun, bí ẹni da ẹ̀gbọ̀n òwú lé wọn lórí. Mo ń gbọ́ oyin tó ń kùn. Ọwọ́ tó fi ń tọ́ka sí nǹkan wà nínú ìbọ̀wọ́.

“Sọ fún un pé kó jẹ́ ká rójú òun,” ni mo wí.

Kí Tiwa tó túmọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà ti dúró sójú kan. Oyin nìkan ló ń dún. Ó wá yí fóònù náà padà.

Yóò tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Kò ní irun lórí. Kì í ṣe pé ó fá a o, ẹni tó fárí, a ṣì máa ń rí ojú ibi tí irun ti hù. Èyí ò ní irun ojú, kò ní irun ìpéǹpéjú, kò ní ti àgbọ̀n. Ojú rẹ̀ ń dán bí obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Tiwa ń fi òyìnbó kí i, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ló ń wò. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti nu ojú, mo sì rí orí ìka rẹ̀ márààrún. Kò sí èékánná lórí ìkankan. Ẹran lásán ni.

“Àpìkẹ́,” ló wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ènìyàn méjì péré ló pè mí lóríkì yẹn rí. Ìyá mi kú lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ẹnì kejì, èmi ni mo sin ín.

Ọwọ́ mi ló pa fóònù náà.

“Màámi! Kí ló pè yín?”

“Kò pè mí ní nǹkan kan. Èdè wọn ló ń sọ.”

Ó gbà mí gbọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ni Tiwa fi mọ bàbá rẹ̀, èyí tó ti wà ní ọ̀dọ́, tí irun orí rẹ̀ kún bí igbó, tí irùngbọ̀n sì bò ó lẹ́nu.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ Ọ̀tan-Ilé. Amos ń sá kòkó lórí ẹní níwájú ilé rẹ̀. Ó ti darúgbó.

“Ìyàwó wa! Ẹ káàbọ̀ o. Àbí obì lẹ wá rà lọ́dọ̀ wa?”

“Bọ̀dá Amos, mi ò wá rajà. Lọ́jọ́ tí ẹ gé irun Elisha, ṣé ó ti kú?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú kòkó.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.”

“Ó ṣì ń mí,” ni Amos wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. “Dókítà ní kò ní rí ọ̀la. Ọkọ̀ òfurufú mi sì ń gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rò ó pé tí mo bá lọ báyìí, wọ́n á sin ín síbẹ̀, kò ní sí nǹkan kan lára rẹ̀ tó máa délé. Mo bá mú sísọ́ọ̀sì. Ó lajú, ìyàwó wa. Ó ń wò mí. Ó ń mi orí pé rárá.”

“Ẹ ò sì dúró.”

“Mi ò dúró. Nígbà tó yá mo pe ọsibítù. Wọ́n ní ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jáde, wọn ò rí i mọ́. Mo bi wọ́n ní ọjọ́ wo.” Ó pa ojú rẹ̀ dé. “Ọjọ́ tí a bu yẹ̀pẹ̀ lé e n'Iléṣà ni. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?”

Mi ò bú u. Mo dìde, mo padà sílé.

Mo sọ fún Tiwa pé kó má lọ. Kò gbà. Mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Tí mo bá sọ pé bàbá rẹ ló wà lọ́hùn-ún, ọjọ́ náà gan-an ni yóò sáré gba pápákọ̀ òfurufú lọ. Ó bínú.

“Ẹ ò sọ bó ṣe rí fún mi, ẹ ò sọ nǹkan tó jẹ, ẹ ò sọ nǹkan tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Wàyí ibi tó kú sí, ẹ ní kí n má dé ibẹ̀. Tí ẹ̀yin ò bá lọ, èmi á lọ.”

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n gbéra. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí oòrùn ṣe ń yọ, mo gbé ọkọ́, mo gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé.

Pósí ti jẹrà. Aṣọ ìnujú ti di okùn. Ṣùgbọ́n irun yẹn kún inú ihò, ó lọ́ mọ́ gbòǹgbò koríko, ó gùn ju apá mi lọ. Dúdú la sin ín. Ewú ló ti di. Àwọn èékánná náà gùn, wọ́n ká bí ìwo àgbò. Mo fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí orí ọmọ tó ń sùn.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú agbada irin. Mo wá fi fóònù mi pe nọ́ńbà ọkùnrin náà, èyí tí mo ti dà kọ látinú fóònù Tiwa. Ó gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kan tán.

“Àpìkẹ́.”

“Bàbá Tiwa, kí lẹ ń fẹ́ lára ọmọ mi?”

“Ọmọ wa.”

“Mo ní kí lẹ ń fẹ́?”

“Mo fẹ́ fọwọ́ kan orí rẹ̀.”

“Kí ló dé tí kò gbọdọ̀ gé irun?”

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. “Tèmi ni. Ara mi ló ti wá. Kò sí ibòmíràn tí tèmi ti ń hù láyé yìí mọ́. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbéra pé mo ń bọ̀ wálé, Àpìkẹ́. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi wọ pápákọ̀. Ẹ ti sin mí. Níbo ni kí n gbà wọlé?”

“Ó ń hù níbí,” ni mo wí. “Ó wà níwájú mi.”

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn Elisha ni, ohùn ọmọkùnrin tó fẹ́ mi lóko obì. “Gbé e wá fún mi. Jọ̀ọ́.”

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń ṣa obì. Èyí tí kòkòrò bá wọ̀, n kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Iná ni mo ń jù ú sí, kó má baà ran ìyókù inú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a sin tán, tó tún wà láàyè lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún, mi ò mọ ohun tó ti dà. Mi ò mọ ohun tí yóò dà tí mo bá dá ara rẹ̀ padà fún un. Ọmọ kan ni mo bí. Mo da kẹrosíìnì sí i.

“Kí lo ń ṣe? Àpìkẹ́, dúró. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ níbí. Jẹ́ kí n...”

Mo ṣá iná.

Kò pariwo. Mo ń gbọ́ oyin títí iná fi kú. Lẹ́yìn náà ni fóònù náà jábọ́ lọ́hùn-ún, mo gbọ́ bó ṣe ba ilẹ̀.

Ọkọ mi kú lẹ́ẹ̀mejì. Amos ló ṣe ti àkọ́kọ́. Èmi ni mo ṣe ìkejì.

Lọ́jọ́ kejì, Tiwa wá bá mi láti Òṣogbo. Obìnrin tó ni ilé náà gan-an ti kọ̀wé sí i. Ó ní wọ́n bá ẹni tó ń bá òun tọ́jú ilé lábẹ́ igi ọsàn, ó ti kú. Orúkọ Tiwa ló wà nínú ìwé tó wà lápò rẹ̀. Obìnrin náà wọ yàrá ọkùnrin náà bóyá òun á rí ohun tó máa fi ẹbí rẹ̀ hàn, ó sì ya fọ́tò ohun tó bá níbẹ̀.

Bàtà ni. Bàtà ọmọbìnrin, tí a tò sí ẹsẹ̀ ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ti àkọ́kọ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ tóbi ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò wọ ìkankan rí.

“Màámi, mo bi obìnrin náà léèrè,” ni Tiwa wí. Kò gbé ojú kúrò lára fọ́tò náà. “Èyí tó gbẹ̀yìn, ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi ló jẹ́. Ta ni ọkùnrin yìí?”

Ó jókòó tì mí títí oòrùn fi wọ̀. Mi ò tíì dá a lóhùn.